Òjò Àkọ́rọ̀ àti Àrọ̀kúrò Lẹ́yìn Ilé Wa

Bí a bá ń gbàdúrà nínú ìpàdé wa, ọ̀rọ̀ tí ó dùn lẹ́nu wa bí òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò kò pọ̀. A ó pàtẹ́wọ́, a ó fò sókè, a ó ní kí Olúwa rọ òjò ìbùkún lé wa lórí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: òjò tí Olúwa ń rọ̀ sẹ́yìn ilé wa lọ́dọọdún, kí ni à ń fi ṣe? Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń bẹ̀ wò, koríko ni òjò náà ń bomi rin. Ìyá ilé yóò sì tún mú owó lọ sí ọjà, láti ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí yóò ti rọ kí ó tó gbé e délé.

Nígbà tí Jákọ́bù ń sọ̀rọ̀ sùúrù nínú orí karùn-ún ìwé rẹ̀, kí ó tó mẹ́nu kan àwọn wòlíì, kí ó tó mẹ́nu kan Jóòbù, àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ náà ń dúró de òjò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó káwọ́ lẹ́rán. Ó ti ro oko, ó ti kọ ebè, irúgbìn ti wà nínú ilẹ̀. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí nìyí: òjò kì í ṣe ojúsàájú. Ó ń rọ̀ sórí ebè, ó ń rọ̀ sórí ààtàn. Ilẹ̀ tí ó ti múra sílẹ̀ ni ó ń jèrè rẹ̀.

ṢÉ ÀÌNÍGBÀGBỌ́ NI?

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Owó ọkọ̀ gòkè, gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń kó wá sí ọjà sì gòkè tẹ̀lé e. Àwọn tí ó ń wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì fún ìrànlọ́wọ́ pọ̀ sí i. Ìyá kan wà láàrin wọn, opó ni, ọmọ mẹ́ta ni ó ń dá tọ́. Kò béèrè ìrẹsì, kò béèrè ẹran. Ohun tí ó sọ ni pé, "Dádì, èlùbọ́ wà nílé, ọbẹ̀ ni kò sí." Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Owó tí ó wà nínú àpò ìrànlọ́wọ́ ìjọ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà níbẹ̀, bí ogún ìṣísẹ̀ lóòró, bí méjìlá níbùú, ibi tí à ń kó àga tí ó ti kán sí.

Èmi àti ìyàwó mi àti àwọn obìnrin mẹ́rin nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Alàgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Páàsítọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Ìgbàgbọ́ ni ẹ̀ ń wàásù rẹ̀ lórí pẹpẹ. Bí àlejò bá bá yín níbi tí ẹ ti ń kó ìgbẹ́ adìyẹ, kí ni yóò rò? Yóò ní Ọlọ́run tí ẹ̀ ń sìn kò lè bọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò bí mi nínú, nítorí ìfẹ́ ìjọ ni ó mú un sọ ọ́. Mo dá a lóhùn pé, "Alàgbà, kí ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ ayé rárá, níbo ni Ọlọ́run fi Ádámù sí? Ṣé inú ọgbà kọ́, pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀?" Mo tún rán an létí Ísáákì, ẹni tí ó fúnrúgbìn ní ilẹ̀ Gérárì ní ọdún ìyàn, tí Olúwa sì bù sí i ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bí Ísáákì bá gbàdúrà tí kò gbìn nǹkan kan, kí ni Ọlọ́run ìbá sọ di ọgọ́rùn-ún? Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ó máa wò ó. Títí di òní, n kò tíì rí i kí ó di ọkọ́ mú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ a máa wá já ewúro.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ÌGBÀ

Ní agbègbè Ìbàdàn níbí, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ní ìhà Ìjẹ̀bú àti Èkó, ó máa ń tètè dé. Ní ìhà Ṣakí àti Ìlọrin, ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò tún padà ní oṣù kẹsàn-án, yóò sì máa parí lọ ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ẹ fi kàlẹ́ńdà kan kọ́ sí ilé ìdáná yín. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ sí i, ọjọ́ tí ẹ gbin ilá, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ já a. Bí ẹ bá ṣe é fún ọdún mẹ́ta, ẹ ó ní olùkọ́ tí ó mọ ilẹ̀ yín ju èmi lọ.

1. Ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn (oṣù kejìlá sí oṣù kejì)

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà yìí kò ní iṣẹ́. Irọ́ ni. Ìgbà ìmúrasílẹ̀ ni. Ẹ má ṣe sun ewé tí ẹ gbá jọ; ounjẹ ilẹ̀ ni ẹ ń sun níná yẹn. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn dé orúnkún sí igun kan tí oòrùn kò ti mú jù. Ẹ kó ewé gbígbẹ sí i, kí ẹ kó èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo ẹ̀fọ́ lé e, kí ẹ bu ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì bu yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kún. Ẹ máa wọ́n omi sí i kí ó lè máa tutù láìrin gbindin. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi ọkọ́ yí i padà. Ẹ má da egungun, ẹran, òróró tàbí ọ̀rá sí i. Èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹta, yóò ti dúdú, yóò sì máa run bí ilẹ̀ inú igbó. Ajílẹ̀ dé nìyẹn, láìná kọ́bọ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù gbóná púpọ̀. Bí ẹ bá dà á sí ìdí irúgbìn bẹ́ẹ̀, yóò jó o. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán. Bí mo bá ti ń yí ajílẹ̀ padà, òwe igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so, tí ó wà nínú Lúùkù orí 13, ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún igi náà ní ọdún kan sí i. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé kò bẹ̀bẹ̀ lásán? Ó sọ ohun tí òun yóò ṣe nínú ọdún náà: òun ó gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, òun ó sì fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ̀bẹ̀ tí ó mú ọkọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ yín tí kò gbọ́ràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé, kí ni mo ń gbẹ́ ní ìdí rẹ̀?

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ni tata ń pọ̀. Ẹ jí ní kùtùkùtù kí oòrùn tó ràn. Òtútù kò ní jẹ́ kí wọ́n lè fò, ẹ ó sì lè ṣà wọ́n sínú ike. Àwọn tí ó ní kànga ńkọ́? Ẹ gbin ẹ̀fọ́ nísinsin yìí, nítorí ó máa ń wọ́n lọ́jà. Ẹ máa bomi rin ín ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí omi má baà tètè gbẹ. Ní oṣù kejì, ẹ gbin irúgbìn ata àti tòmátì sínú àpótí pákó tàbí agbada tí ẹ ti lu ihò sí nídìí, kí wọ́n lè ti dàgbà tó nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀.

2. Ìgbà àkọ́rọ̀ (oṣù kẹta sí oṣù keje)

Òjò kìíní kì í ṣe òjò ìgbìn. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tún dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, irúgbìn tí ó ti hù yóò sì gbẹ. Ẹ ti ọwọ́ bọ ilẹ̀. Bí ó bá tutù wọlé dáadáa, tí òjò sì ti ń tẹ̀lé ara wọn, ẹ gbin àgbàdo, hóró méjì méjì sí ihò kan. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ yóò ti máa sun tiwọn jẹ.

Ilá: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbìn ín. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ẹ máa já a ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó gbó sórí igi, igi náà yóò rò pé iṣẹ́ òun ti parí.

Ewédú: ọ̀pọ̀ ló ń ráhùn pé ewédú àwọn kì í hù. Èèpo irúgbìn rẹ̀ ni ó le, omi kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí ẹ rọra kà dé mẹ́wàá, kí ẹ sì yọ ọ́ kíákíá. Ẹ sá a sí ibòji kí ó gbẹ, kí ẹ tó fún un. Ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀: irúgbìn wọn kéré bí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fún un, kí wọ́n má baà hù pọ̀ sójú kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ fa àwọn tí ó fún mọ́ra, kí ẹ fi wọ́n se ọbẹ̀. Ẹ má fa ìyókù tu. Ẹ gé wọn, kí ẹ fi ìdí wọn sílẹ̀, wọn yóò tún rú.

Ewúro, ẹfínrín àti gbúre: wọn kò bèèrè irúgbìn. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ti ojú méjì bọ ilẹ̀ tútù. Ẹ lè tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò. Èyí tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọwọ́ ìyá Mùsùlùmí kan tí ilé rẹ̀ kángun sí wa ni a ti gbà á, ó sì ti di ọ̀nà ìkíni láàrin wa.

Ata àti tòmátì: nígbà tí wọ́n bá ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú àpótí, ẹ lọ́ wọn, ìyẹn ni pé kí ẹ wú wọn pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí wọn, kí ẹ tún wọn gbìn sórí ebè. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ bomi rin wọ́n ṣáájú, ẹ bomi rin wọ́n lẹ́yìn náà, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má ṣe gbìn wọ́n sí ibi tí ata, tòmátì tàbí ìkàn wà lọ́dún tó kọjá. Ìdílé kan náà ni wọ́n, àrùn kan náà ni ó sì ń bá wọn jà, a sì máa sùn sínú ilẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan tí ń jẹ́ Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìhà Àríwá, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pàjáwìrì. Ọbẹ̀ tí à ń sè ní Ìbàdàn mọ̀ ọ́n lára. Kò burú kí gbogbo ilé ní igi tòmátì mẹ́wàá tirẹ̀.

3. Ìsinmi oṣù kẹjọ

Òjò sinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ má sùn. Ẹ ro koríko kí ó tó so. Ẹ kórè àgbàdo tí ó ti gbó, kí ẹ fi pòròpórò rẹ̀ bo ilẹ̀. Ẹ tún gbin ata àti tòmátì mìíràn sínú àpótí. Àwọn èyí ni wọn yóò jẹ àǹfààní òjò ìkẹyìn.

4. Ìgbà àrọ̀kúrò (oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá)

Bí ẹ bá fẹ́ gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ó ti wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ìgbà yìí ni ẹ̀wà pẹ̀lú, kí pódi rẹ̀ lè gbẹ nígbà tí òjò bá ti lọ. Tòmátì ìgbà yìí kì í sábà jẹrà bíi ti inú òjò ńlá. Ẹ sáà fi igi gbè é kí èso rẹ̀ má kan ilẹ̀.

Irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ náà, ìgbà yìí ni ẹ ó yàn án. Igi ilá tí ó dára jù lọ, ẹ so òwú pupa mọ́ ọn, kí ẹ sọ fún gbogbo ilé pé a kò gbọ́dọ̀ já a. Ó máa ń ṣòro, nítorí èyí tí ó dára jù ni ojú ń rí, òun ni ọwọ́ sì ń lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ èyí tí ó dára jù, tí ó sì ń gbin àjẹkù, ọgbà rẹ̀ yóò máa rẹ̀yìn lọ́dọọdún. Ẹ fi èyí ro ọ̀rọ̀ ẹbọ wa síwájú Olúwa pẹ̀lú.

IṢẸ́ KÉKERÉ MẸ́RIN FÚN GBOGBO ÌDÍLÉ

Ọgbà inú àpò. Èyí wà fún ẹ̀yin tí ẹ háyà yàrá, tí ẹ kò ní ilẹ̀. Ẹ mú àpò ìrẹsì. Ẹ gé ìdí àti orí agolo ńlá kan, ẹ gbé e sí àárín àpò náà, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Ẹ da erùpẹ̀ tí ẹ ti pò mọ́ ajílẹ̀ yí i ká. Ẹ fa agolo náà sókè, ẹ tún kó òkúta sí i, ẹ tún da erùpẹ̀, títí àpò yóò fi kún. Òkúta àárín yìí ni ọ̀nà tí omi yóò gbà dé ìsàlẹ̀. Ẹ gbin ata sí orí rẹ̀, kí ẹ la ojú wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpò, kí ẹ gbin gbúre tàbí tẹ̀tẹ̀ sí i. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀. Ọmọ tí ó ti fi oṣù méjì bomi rin ata kò ní fi ounjẹ ṣòfò mọ́.

Omi inú ike. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan tàbí méjì sí ìdérí ike omi, kí ẹ gé ìdí ike náà, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì. Ẹ bu omi kún un ní ìrọ̀lẹ́. Yóò máa kán díẹ̀díẹ̀ sí gbòǹgbò, kò sì ní ṣòfò.

Omi dóńgóyárò. Ẹ gún ewé dóńgóyárò tí ó kún abọ́ ńlá kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ẹ wọ́n ọn sára ewé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi oògùn tí a fi ń pa aáyán nínú ilé sí ara ẹ̀fọ́. Májèlé ni.

Ìgò irúgbìn. Ẹ sá irúgbìn títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú eérú tútù tí a ti kù, kí ẹ dé e pinpin. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí i lára. Bí ẹ bá sì fẹ́ ìmọ̀ràn tí ó jinlẹ̀ ju tèmi lọ, NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ewébẹ̀ àti èso, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn.

OHUN TÍ OJÚ MI TI RÍ

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ó jáde ní yunifásítì, tí kò ríṣẹ́. Ó gba ààwẹ̀ títí ó fi rù. Mo bá a gbàdúrà, mo sì ní kí ó máa wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ata sínú ọ̀rá kéékèèké, ó ń tà á fún àwọn tí ó fẹ́ lọ́ ọ sí ilé wọn. Iṣẹ́ tí ó ń wá kò tíì dé bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì dẹ́kun àdúrà. Ṣùgbọ́n kò yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, orí rẹ̀ sì ti gbé sókè.

Opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ebè méjì ni a fún un. Ọgbà kò sọ ọ́ di olówó. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ṣì ń wúwo, ìjọ sì ṣì ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ó ṣì ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, ewédú ni ó sì máa ń gbé wá fún ìyàwó mi. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó ń gbà, tí ó wá di ẹni tí ó ń fúnni, ẹ̀rí ńlá ni lójú mi, bí kò tilẹ̀ gun orí pẹpẹ sọ ọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má wò ó pé ilẹ̀ yín kéré. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe ohun kan ṣoṣo: kí ẹ gbẹ́ ihò ajílẹ̀, tàbí kí ẹ kún àpò kan, tàbí kí ẹ ti ẹ̀ka ewúro kan bọ ilẹ̀. Kí bàbá mú ọkọ́, kí ìyá mú irúgbìn, kí àwọn ọmọ pọn omi, kí ẹ sì gbàdúrà lé e lórí kí ẹ tó wọlé.

Kí Olúwa tí ó ni òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kí ìkòkò ọbẹ̀ yín má ṣe gbẹ. Nígbà tí òjò Rẹ̀ bá dé, kí ó bá ilẹ̀ yín ní ìmúrasílẹ̀, kí ó sì bá ọkàn yín bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ní orúkọ Jésù. Àmín.